Ẹni Tí Yóò Gbà Á Lọ́wọ́ Mi

Bàbá tó ń gé ìwé ní ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ṣe IT (ìdánrawò lẹ́nu iṣẹ́ tí ilé-ìwé ń rán wa lọ) ní Ṣómólú, l'Ékòó, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá kó ìwé dé, á gbé ìdì kan sórí tábìlì, á fi àtàǹpàkò fẹ́ ẹ fìrìrì bí ẹni tó ń ka owó tuntun, kí afẹ́fẹ́ lè wọ àárín rẹ̀. Á wá gbún un mọ́lẹ̀ lójú òòró, á gbún un lójú ìbú, títí etí gbogbo rẹ̀ á fi tẹ́jú bí ògiri tí wọ́n rẹ́ dáadáa. Ìgbà yẹn ló tó máa tì í sábẹ́ ọ̀bẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, ó pè mí. Ó na ìka sí ìsàlẹ̀ ìwé pẹlẹbẹ kan tí mo ṣe, níbi tí mo kọ nọ́ńbà ojú ewé sí. Láti ara nọ́ńbà yẹn dé etí ìwé kò ju ìbú èékánná ọmọńdinrín lọ.

"Ṣé ìwọ lo ṣe èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Kí n gé nọ́ńbà ẹ dànù, àbí kí n gé ìka mi?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó mú abala ìwé mẹ́fà, ó kì wọ́n bọnú ara wọn, ó ká wọn sí méjì, ó wá fi hàn mí bí ti inú ṣe yọ jáde díẹ̀ ju ti ìta lọ. Bí ìwé bá ti nípọn, ti inú á máa ti ara rẹ̀ síta ni, ọ̀bẹ á sì jẹ ohun tó bá yọ. Bó bá gé e kí etí rẹ̀ lè dọ́gba, nọ́ńbà mi ní ojú ewé àárín á bá a lọ. Bí kò bá gé e, ìwé á rí jákujàku, kọ́sítọ́mà á sì dá a padà.

Lójú kọ̀ǹpútà mi, ibi tí nọ́ńbà yẹn wà dára. Mo ti wọ̀n ọ́n, mo ti to gbogbo rẹ̀ sí ìlà kan. Ohun tí kò wá sí mi lọ́kàn rárá ni pé bàbá kan wà ní ìparí iṣẹ́ náà tó dúró ti ọ̀bẹ.

Mo ti wà ní HND kejì báyìí, ọdún tó kẹ́yìn ní pólì, ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà gíráfíìkì. Bí àwọn àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ND bá rí mi, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n kọ́, CorelDRAW ni àbí Illustrator?" Ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya iṣẹ́ ni méjèèjì. Mo máa ń dá wọn lóhùn. Mo máa ń ní bó bá jẹ́ iṣẹ́ Ṣómólú ni wọ́n ń wò lọ, CorelDRAW ni wọ́n á bá lórí kọ̀ǹpútà gbogbo onípléètì, àwọn tó ń ṣe irin pẹlẹbẹ tí máṣíìnì fi ń tẹ̀wé. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ìpolówó ni, kí wọ́n kọ́ ti Adobe, àwọn tó ni Illustrator. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ áàpù ni, Figma. Ìdáhùn yẹn ò burú. Àmọ́ bí mo bá wẹ̀yìn wo gbogbo ọdún tí mo ti lò lẹ́nu ẹ̀kọ́ yìí, ibòmíràn ni mo ti dàgbà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì ti ń ro tirẹ̀ mọ́ tèmi kí n tó gbé e fún un.

Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa nílé-ìwé, ṣùgbọ́n mi ò ní bá àwọn tó ń sọ pé ilé-ìwé ò wúlò kọrin. Ní ND kìíní, a ò fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Búrọ́ọ̀ṣì, káádíbọ́ọ̀dù, rúlà àti ọ̀dà inú ìgò kékeré ni. Olùkọ́ tó kọ́ wa ní lẹ́tà yíyà jẹ́ màmá kan tí gíláàsì rẹ̀ kì í kúrò ní góńgó imú. Á fi rúlà wọn ẹsẹ̀ H rẹ, bí ọ̀kan bá fi irun ju èkejì lọ, á ní kí o tún un yà. Òun ló kọ́kọ́ fi hàn mí pé O gbọ́dọ̀ yọ kọjá ìlà díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, nítorí bí ó bá bá H dọ́gba gẹ́ẹ́, ojú á máa rí i bíi pé ó kéré. Lẹ́yìn èyí, ó ní kí á po àwọ̀ láti yẹ́lò dé búlúù, ìgbésẹ̀ méjìlá, kí ẹnikẹ́ni má lè tọ́ka sí ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi kan tí kò lọ sílé-ìwé, tó kàn lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnì kan fún oṣù mẹ́ta, ti ń gba owó fláyà nígbà yẹn. Èmi ń fi ìka po ọ̀dà. Inú bí mi, mi ò purọ́.

Ọjọ́ wo ni mo wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ màmá yẹn nínú ọkàn mi? Ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì kan gbé iṣẹ́ wá tí wọ́n ní àwọ̀ ọtí wáìnì tó wà lára aṣọ kọ́yà àwọn gẹ́lẹ́ ni àwọn fẹ́, wọ́n tilẹ̀ gé díẹ̀ lára aṣọ náà dání. Ẹ̀gbọ́n tó ń wa máṣíìnì da íńkì sórí gíláàsì, ó ń fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ pò ó, ó ń fi ìka tọ́ díẹ̀ sára ìwé, ó ń gbé e jáde sínú oòrùn, ó ń gbé e wọlé. Kò mu. Ó pupa jù, ó tún dúdú jù. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹnu mi sì ṣí fúnra rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, yẹ́lò ló kù ún. Kíún." Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó fi orí ọ̀bẹ bu yẹ́lò tí kò tó ẹ̀wà kan. Ó mu. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ń po íńkì, á ní kí wọ́n pe ọmọ pólì wá.

Ètò tó gbé mi dé Ṣómólú kì í ṣe tuntun. Ọdún 1971 ni ìjọba dá ITF, àjọ tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, sílẹ̀, ní 1973 ni ITF sì gbé SIWES, ètò IT àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kalẹ̀, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn ọmọ tó ń jáde nílé-ìwé gíga mọ ìwé ṣùgbọ́n wọn ò mọ máṣíìnì. Àwa ọmọ pólì ń lọ fún oṣù mẹ́rin nínú ND, a tún ń lo ọdún kan gbáko níta kí á tó padà wá ṣe HND. Gbogbo wa la mọ ohun tí púpọ̀ nínú ọdún yẹn jẹ́. Èmi náà ra àmàlà fún odidi ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ní kí n jókòó. Ìwé lọ́ọ̀gì tí ó yẹ kí á máa kọ lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀.

Ẹni tí kò bá dé Ṣómólú rí lè rò pé ilé ìtẹ̀wé jẹ́ ilé kan tí ìwé funfun ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé tí ìwé títẹ̀ ń gba ẹ̀yìn jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan ń ta ìwé, òmíràn ń ṣe pléètì, òmíràn ní máṣíìnì: GTO tàbí Kord, Heidelberg tòkunbọ̀ láti Jámánì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dàgbà ju ẹni tó ń wà á lọ. Ibòmíràn ni wọ́n ti ń fi ọ̀rá bo ojú ìwé, ibòmíràn ni wọ́n ti ń gé, ibòmíràn ni wọ́n ti ń dì. Orí àti ọmọlanke ni iṣẹ́ fi ń rìn láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, nínú òjò, láàárín ọ̀kadà àti àwọn tó ń ta gàlà. Tiwa tilẹ̀ sàn, a ní ọ̀bẹ tiwa. Síbẹ̀, kí iṣẹ́ kan tó parí, ó kéré tán èèyàn márùn-ún tí mi ò jọ jókòó rí ni yóò fọwọ́ kàn án. Kò sí èyí tó mọ ohun tó wà lọ́kàn mi nínú wọn. Fáìlì tí mo fún wọn nìkan ni wọ́n mọ̀.

Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyí. Ìwé ètò ìsìnkú ni. Ojú ewé 24, ẹ̀dà 500. Ìyá tó lọ náà ta ẹja lọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún débi pé Ìyá Ẹlẹ́ja ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní orúkọ yẹn gan-an ni àwọn fẹ́ gàdàgbà lójú ewé iwájú, torí bí wọ́n bá kọ orúkọ ìsàmì, ìdajì àwọn tó ń bọ̀ níbi òkú ò ní mọ ẹni tó kú. Mo wá fọ́ǹtì kan tó rẹwà, tó rí bí ẹni fi gègé kọ ọ́. Mo fi gbogbo àmì sí i, ti orí àti ti ìsàlẹ̀. Mo tilẹ̀ fọwọ́ sún àmì òkè orí Ẹ́ kejì sókè díẹ̀ kí ó má baà fara kan lẹ́tà. Ó wù mí débi pé mo ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà, mo gbé e sí státọ́ọ̀sì. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ lù, mo fi fáìlì ránṣẹ́ sí ọ̀gbẹ́ni onípléètì lórí WhatsApp, mo sì lọ sùn.

Mi ò sọ ọ́ di kọ́ọ̀fù. Ẹni tó wà nínú iṣẹ́ yìí ti di orí mú báyìí. Fún ẹni tí kò sí níbẹ̀: bí o bá fi fọ́ǹtì kan kọ̀wé lórí láptọ́ọ̀pù rẹ, tí kọ̀ǹpútà tí o fi ránṣẹ́ sí kò ní fọ́ǹtì náà, fọ́ǹtì tó bá wà nítòsí ni yóò fà wọlé. Kí èyí má baà ṣẹlẹ̀, à ń sọ lẹ́tà di àwòrán (kọ́ọ̀fù nìyẹn) kó tó kúrò lọ́wọ́ wa. Ctrl àti Q ni, kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. CorelDRAW ọ̀dọ̀ onípléètì sọ fún un pé òun ò rí fọ́ǹtì yìí, ṣé kí òun lo òmíràn? Ó tẹ OK. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá, iṣẹ́ ẹlòmíràn sì kún iwájú rẹ̀. Ní àárọ̀, ẹ̀gbọ́n tó ń wa máṣíìnì wo àwọ̀, àwọ̀ mu, àwọ̀ ara ìyá náà jáde kedere, kò pupa, kò ṣú. Ó tẹ̀ ẹ́ tán pátá. Ìgbà tí mo débẹ̀, Bàbá ti ń fi àtàǹpàkò fẹ́ ìdì àkọ́kọ́. Mo yọjú wò ó.

Ó DÀÁR□, ÌYÁ □L□JA.

Ẹsẹ̀ mi ò gbà mí mọ́. Ọ̀gá jáde, ó mú ọ̀kan, ó kà á. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Ó pe onípléètì lórí fóònù. Onípléètì ní ohun tí òun rí lòun ṣe. Ó bi ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ní òun ò kí ń ka ìwé, àwọ̀ lòun ń wò. Mo rò pé Ọ̀gá máa pín ẹ̀bi náà sí mẹ́ta. Ó yíjú sí mi.

"Ìwọ nìkan lo mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Àwa tó kù, ohun tí a bá rí la ń tẹ̀."

Pléètì mẹ́rin tuntun, káàdì tuntun, owó máṣíìnì. Oṣù méjì ni wọ́n fi yọ ọ́ nínú owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún mi. Iṣẹ́ náà jáde ní alẹ́ Ọjọ́rú, àìsùn sì jẹ́ Ọjọ́bọ̀. Àbíkẹ́yìn ìyá náà ló wá gbé e. Ó rí ọ̀kan nínú àwọn tó bàjẹ́ nílẹ̀, ó gbé e, ó wò ó, mo sì ń wá ilẹ̀ tí màá wọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí! Díẹ̀ ló kù kí ẹ sọ màmá wa di Ìyá Alájá." Ó wá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, mi ò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín yẹn di nǹkan mìíràn. Mo bá a gbé páálí náà dé inú ọkọ̀.

Nígbà tí mo padà wọlé, Bàbá ti gé gbogbo àwọn ojú ewé tó bàjẹ́ náà sí kékeré kékeré, ó fi rọ́bà so wọ́n ní ìdì ìdì, ẹ̀yìn wọn funfun báláú. Ó tì wọ́n sí mi. "Gbà, fi máa kọ nǹkan. Owó ẹ ṣáà ni."

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn ni mo jókòó láti mọ ìdí tí lẹ́tà wa fi ń di àpótí. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Nínú Unicode, tó jẹ́ ètò tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ẹ àti ọ ní ibùjókòó tiwọn, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tó dára sì ní wọn nínú, nítorí àwọn ará Vietnam náà ń lo àmì ìsàlẹ̀ lábẹ́ lẹ́tà méjèèjì yìí. Ẹni tó ṣe fọ́ǹtì fún Vietnam ti bá Yorùbá ṣe ìdajì iṣẹ́ láìmọ̀. Àmọ́ àwọn ará Vietnam ò ní ṣ. Ìdí nìyẹn tí o fi lè rí ìwé kan tí ẹ àti ọ inú rẹ̀ wọ aṣọ ẹbí, tí ṣ nìkan wọ aṣọ àyálò. Ọ̀rọ̀ Ẹ́ àti Ọ̀ tún wà níbẹ̀. Wọn ò ní ibùjókòó tiwọn. Lẹ́tà ń jókòó, àmì ohùn ń wá gùn ún lórí. Bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì kò bá sọ ibi tí àmì máa dúró sí, á lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò fún ní àga. Ní báyìí, kí n tó lo fọ́ǹtì kankan, mo máa ń kọ gbólóhùn kan tí mo fúnra mi hun, ẹ̀ẹ̀kan ní lẹ́tà kékeré, ẹ̀ẹ̀kan ní lẹ́tà ńlá: Ẹ̀ṣọ́ ṣẹ́ ọ̀pá ọlọ́ṣà. Fọ́ǹtì tí kò bá lè kọ ọ́ kò ní bá mi ṣiṣẹ́ Yorùbá, bó ti wù kó rẹwà tó.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ní àmì ò ṣe pàtàkì, pé a máa ń mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ní Abẹ́òkúta, láti 1859, ni Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Èdè tí wọ́n ti fi òjé to lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí kò sí iná mànàmáná, èmi ò rí àlàyé tí màá ṣe pé kọ̀ǹpútà ni kò jẹ́ kí n kọ orúkọ òkú ìyá kan dáadáa.

Ìwà mi yí padà, díẹ̀ díẹ̀. Kí n tó ṣí kọ̀ǹpútà báyìí, mo máa ń ká ìwé funfun sí iye ojú ewé tí iṣẹ́ náà ní, mo máa ń fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí i, kí n lè mọ ojú ewé tó máa ṣe aládùúgbò èwo lórí pléètì. Mo máa ń fi mìlímítà mẹ́ta sílẹ̀ yí àwòrán ká fún ọ̀bẹ Bàbá. Búlúù tó ń dán lójú kọ̀ǹpútà, mo ti mọ̀ pé àwọ̀ àlùkò ló máa dà lórí ìwé bí mi ò bá dín pupa inú rẹ̀ kù. Mo máa ń tẹ ẹ̀dà kan fún kọ́sítọ́mà, màá ní kí ó kà á sókè sí etí mi, kí ó sì buwọ́ lù ú. Kíkà sókè yẹn ṣe pàtàkì. Ojú máa ń fo ohun tó bá ti mọ̀. Ẹnu kì í lè fò ó.

Lọ́dún tó kọjá, kíláàsì wa lọ sí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, torí iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí àdìrẹ. Mo jókòó ti ìyá kan tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ. Lórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sá àdìrẹ kan tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn sí, tí òpó gbọ̀ngàn Màpó àti ṣíbí tò sára rẹ̀ lọ́gọọrọ. Mo bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tí ìlà yín fi nípọn tó báyìí?" Kò gbójú sókè. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mò ń rẹ ẹ́. Aláró ni. Àìmọye ìgbà ló máa rì í bọ ìkòkò. Bí mo bá fà á tẹ́ẹ́rẹ́, aró á jẹ ẹ́." Mo kàn ń wò ó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń ya fọ́tò, èmi ń ronú kan Bàbá àti ọ̀bẹ rẹ̀. Ohun tí mo fi owó oṣù méjì rà, ìyá yìí mọ̀ ọ́n bí ẹní mọ ẹní mowó, láìsí lọ́ọ̀gì tí ẹnikẹ́ni ń buwọ́ lù.

Ti àwọn kọ́sítọ́mà ni mo pẹ́ jù kí n tó gbọ́ yé. Ìyá olóúnjẹ kan ládùúgbò wa ní kí n bá òun ṣe pátákó. Mo ya ìkòkò kan fún un, ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọ̀ eérú, èéfín kan ṣoṣo tó ń lọ́ lọ sókè. Bí o bá gbé e síwájú àwọn olùkọ́ wa, wọ́n á patẹ́wọ́. Ìyá wò ó títí. "Ó dára o, ọmọ mi. Níbo ni àmàlà wà?" Mo rojọ́ rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn pé ìyá yìí ò lójú ọnà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń bọ̀ láti ibi tí ọkọ̀ ti já mi. Kò sí iná. Gílóòbù kan ṣoṣo ló ń mì lẹ́nu ọ̀nà ìyá, pátákó mi sì dúró sábẹ́ rẹ̀ bí ògiri lásán. Ní òdìkejì títì, fọkanáísà fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sára táyà ògbólógbòó kan, mo sì ti ń kà á láti ìkóríta. Ẹni tí pátákó yẹn wà fún jẹ́ ọlọ́kadà tí ebi ń pa, tó ń sáré kọjá lálẹ́. Mo tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́: àmàlà dúdú rọ̀bìtì nínú abọ́ funfun, ewédú, gbẹ̀gìrì, ọbẹ̀ ata, lẹ́tà tó sanra bí apá agbérù. Kò ní wọ inú àkójọ iṣẹ́ tí mo fi ń wá iṣẹ́. Ìyá ní àwọn tó ń dúró ti pọ̀ sí i. Bóyá inú rere ni ó fi sọ ọ́.

Bí wọ́n bá yọ ohun tí mo fẹ́ràn kúrò nínú iṣẹ́ mi, tó sì ń dùn mí, mo máa ń rántí bàbá Táíwò Akínkúnmi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ní London nígbà tí wọ́n rí i nínú ìwé ìròyìn pé wọ́n ń wá ẹni tó máa ya àsíá Nàìjíríà. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n ń kọ́, kì í tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọnà. Àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé ni wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n sì ya oòrùn pupa sáàárín funfun yẹn. Àwọn adájọ́ yọ oòrùn, wọ́n mú ìyókù. Wọ́n fún wọn ní £100. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1960, àsíá gòkè láìsí oòrùn nínú. Ìbàdàn ni bàbá náà gbé títí wọ́n fi jáde láyé ní 2023, ilé wọn sì kun àwọ̀ ewé àti funfun. Mo ti gbìyànjú láti ya àsíá yẹn pẹ̀lú oòrùn rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi. Ká sọ tòótọ́, àwọn adájọ́ jàre. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi kíréyọ́nù méjì ya èyí tó kù, oòrùn á sì ti sú u. Ṣùgbọ́n ká ní èmi ni, inú á kọ́kọ́ bí mi fún oṣù mẹ́fà.

Ọ̀rọ̀ owó, mi ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe tó. Mo ti kọ́ láti gba àsansílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo sì ti kọ́ láti kọ iye ìgbà tí màá tún iṣẹ́ ṣe sílẹ̀ kí ó má baà di ogun ọdún. Àmọ́ bí ẹ̀gbọ́n màmá mi bá pè pé, "Ọmọ wa, bá mi ṣe nǹkan kékeré kan," ẹ máa rí mi lórí láptọ́ọ̀pù lóru.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ND kan tó ń ṣe IT báyìí fi fáìlì ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n bá òun wò ó kí òun tó gbé e fún onípléètì. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá díẹ̀. Mo ṣí i. Kọ̀ǹpútà mi sọ pé òun ò rí fọ́ǹtì kan níbẹ̀, ṣé kí òun lo òmíràn? Mo pe ọmọ náà lórí fóònù, mo sì fa ọ̀kan yọ nínú káàdì Bàbá kí n lè máa kọ àwọn ohun tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ kún. Nígbà tí mo yí i padà láti wá àyè sí i, mo rí "□L□JA" tó ń wò mí, ó sì kù díẹ̀ létí rẹ̀ níbi tí ọ̀bẹ ti gbà kọjá. Ìdì méjìlá ni Bàbá fún mi nígbà yẹn. Ó ti ku ẹyọ méjì.